Ẹ̀kọ Àárọ̀ àti Orúnkún Mi

Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi tí mi ò lè dìde mọ́, ọjọ́ Ajé ni, mo sì ti múra iṣẹ́ tán. Ìlaró ni à ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi kọ́, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó wọn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá lọ bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tó máa ń jókòó sí lórí àpótí. Màá kúnlẹ̀ kí i, á ṣàdúrà fún mi, á wá ní kí n bu ẹ̀kọ kí n tó máa lọ. Lọ́jọ́ náà mo kúnlẹ̀, ó ṣàdúrà tán, mo ní kí n dìde, orúnkún mi méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Mo fọwọ́ tilẹ̀, pàbó ló já sí. Mo di àpótí Màmá mú, díẹ̀ ló kù kí àpótí dojú dé tòun ti ẹni tó jókòó lé e. Ọkọ mi ló sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Òun fà mí lápá ọ̀tún, Màmá fà mí lápá òsì, kí wọ́n tó rí mi gbé nàró.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wo ẹsẹ̀ mi sókè sódò, ó ní:

"Ìyàwó, láti òní lọ, òòró ni kí o máa dúró kí mi. Mo ti yọ̀ǹda ẹ. Ọlọ́run gbọ́."

Ó rò pé oore lòun ṣe mí. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì sunkún gidi. Ẹni tí kò bá mọ ilé wa lè máa sọ pé kí ló tó ẹkún níbẹ̀. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó relé ọkọ, Màmá yìí ni mo wá bá. Ìdí-Ìrókò létí bodè ló ti ṣòwò títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Kì í sọ ọ̀rọ̀ dídùn, kì í sì í dì mọ́ èèyàn. Àárọ̀ nìkan, nígbà tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ló máa ń gbé ọwọ́ lé mi lórí. Bí mo bá wá ń dúró kí i bí òpó iná, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó orí mi mọ́. Mo nujú, mo sọ fún ara mi pé mi ò gba ìyọ̀ǹda yẹn. Màá kúnlẹ̀, màá sì dá dìde.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ orúnkún mi wò ní ọsibítù kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní nǹkan kan ò ṣe orúnkún, ẹrù tó ń gbé ló pọ̀ jù. Ó ní kí n lọ fọn. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò lè bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń fọn, ni mo bá lọ bi ẹnìkejì mi tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi ní ọ́fíìsì. Ìjọba ìbílẹ̀ la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Obìnrin yìí sanra jù mí lọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti fọn débi pé àwọn aṣọ àtijọ́ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ lára rẹ̀.

"Má jẹun àárọ̀ mọ́," ó ní. "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí o ń wò yìí, omi ni títí di ọ̀sán."

Mo ní, "Ṣebí wọ́n ní oúnjẹ àárọ̀ ló ṣe pàtàkì jù?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń ta bisikíìtì ni."

Alágídí ni mí. Tí mo bá ti pinnu nǹkan, ó parí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo dúró kí i gẹ́gẹ́ bó ṣe pàṣẹ, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Nígbà tó ní kí n bu ẹ̀kọ, mo ní:

"Màmá, mi ò ní máa jẹun láàárọ̀ mọ́ fúngbà díẹ̀. Nítorí orúnkún mi yìí ni."

Ó wò mí títí. "Títí di ìgbà wo?"

"Títí màá fi lè kúnlẹ̀, Mà."

"Àmín," ni Màmá wí. "Ọlọ́run á gbọ́." Ó sì gbé ọmọrí lé ìkòkò ẹ̀kọ. Ó yẹ kí àmín yẹn ti ta mí létí, ṣùgbọ́n àmín ò wọ́n lẹ́nu Màmá, ni mo bá gbé báàgì mi, mo lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, Màmá kò dáná àárọ̀ mọ́. Búrẹ́dì gígùn tí àwọn obìnrin máa ń gbé wá láti Àjàṣẹ́ lódìkejì bodè, èyí tó fẹ́ràn bí nǹkan míì, kò rà á mọ́. Ọkọ mi kì í jẹun nílé láàárọ̀ ní tiẹ̀, torí Ayétòrò ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń tètè jáde. Mo rò pé Màmá ń ṣàánú mi ni, pé kò fẹ́ kí òórùn oúnjẹ máa dán mi wò. Orí mi wú. Mo ní ìyá ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Kí n má purọ́, ebi àárọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Bó bá ti tó àsìkò tí obìnrin tó ń ta pọ́fù-pọ́fù máa ń gbé àpótí onígíláàsì rẹ̀ wọ ọgbà ọ́fíìsì wa, ojú mi á ti máa ṣú. Màá wo aago, màá sọ fún ara mi pé àárọ̀ ti ń kọjá lọ, pé ohun tí èèyàn bá jẹ nírú àsìkò yìí, ta ló máa pè é ní oúnjẹ àárọ̀? Màá ra pọ́fù-pọ́fù, màá ra mínírà tútù lé e. Tí mo bá délé lálẹ́, ẹ̀bà tí màá jẹ, èèyàn méjì lè pín in kí wọ́n sì yó. Ẹnìkejì mi jókòó sí tábìlì tiẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń fa omi mu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ebi ò sì kàn án. Ara tiẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Síìpù síkẹ́ẹ̀tì mi tó ń ṣe wàhálà díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá kọ̀ pátápátá, mo ń fi pín-ìn-nì há a.

Síbẹ̀ mi ò jáwọ́. Mo gbà pé ìfọn ń bọ̀, pé ó kàn pẹ́ lọ́nà ni. Ní àràárọ̀ màá dúró kí Màmá, á sì ṣàdúrà tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á dárúkọ orúnkún mi fún Ọlọ́run, ọ̀tún àti òsì. Ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jìn wọlé, àmọ́ àsìkò òjò nìyẹn, otútù sì ń mú àwọn àgbà, ni mo bá ní kó máa wọ súwẹ́tà.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ká máa lọ sílé lọ́sàn-án torí wọ́n fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn sí ọ́fíìsì. Mo ra pọ́fù-pọ́fù dání, mo ń jẹ ẹ́ lórí ọ̀kadà bọ̀. Mo wọlé, mo pe Màmá, kò dáhùn. Orí ẹní ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ pa dé, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo figbe ta. Ó la ojú díẹ̀.

"Màmá! Kí ló dé? Kí lẹ jẹ?"

Ó gbójú sókè wo oòrùn, ó wá yí ojú sí mi.

"Oòrùn ò tíì wọ̀," ó ní. "Àbí ìwọ ti ṣínu ni?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ló ń mú un sọ̀rọ̀ káàkiri. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná.

"Ṣínu kí ni, Màmá?"

"Ààwẹ̀ tí o gbà nítorí orúnkún ẹ ńkọ́? Ṣé ìwọ nìkan ni kí n jẹ́ kó dá a gbà nínú ilé tí èmi wà? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìjọ kì í jẹ sààrì, ni èmi náà ò ṣe jẹ sààrì. Mi ò fẹ́ kí tèmi fúyẹ́ ju tìẹ lọ."

Ní agbègbè wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ń gbé lábẹ́ òrùlé kan náà, a sì jọ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó wá ní òun ò ní jẹun láàárọ̀ nítorí nǹkan kan, ààwẹ̀ ló ń gbà. Ẹnikẹ́ni kì í sì í bi alááwẹ̀ ní ìbéèrè, kò bójú mu. Bó ṣe rí ní Ayétòrò tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn. Ká ní ẹlòmíì ló sọ ohun tí mo sọ fún Màmá lọ́jọ́sí, ohun tí èmi náà ì bá rò nìyẹn, n bá sì ṣe àmín. Èmi àti náílọ́ọ̀nù pọ́fù-pọ́fù wá dúró níbẹ̀, òróró ń dán ní ètè mi. Mo fi náílọ́ọ̀nù náà sẹ́yìn.

"Màmá, kì í ṣe ààwẹ̀. Mo fẹ́ fọn ni."

Ó gbìyànjú, ó dìde jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"O fẹ́ fọn," ó ní, "o wá ń febi pa mí."

Bó ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, èmi ń sunkún ní tèmi. Ó na ọwọ́. "Gbé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn wá." Ó jẹ pọ́fù-pọ́fù náà tán kí omi ẹ̀kọ tí mo sáré gbé kaná tó hó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó máa lò láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, alẹ́ ló ti ń lò ó láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nígbà tí mo bá a lórí ẹní lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má febi pa ara rẹ̀ mọ́ nítorí mi.

"Ọwọ́ ẹ ló wà," ó ní. "Bí o bá jẹ, màá jẹ. Bí o ò bá jẹ, mi ò jẹ."

Mo ti sọ pé alágídí ni mí, àmọ́ ọ̀gá mi rèé. Kò sí ohun tó kù ju kí n máa jẹun àárọ̀ kí n sì fọn náà. Mo ní ó dáa, ìjà yìí la máa jọ jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó ti Màmá lórí àpótí kejì. Mo bu ẹ̀kọ láì fi ṣúgà sí i, mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé e dípò búrẹ́dì, ó sì ń wò mí bóyá mo gbé e mì. Nígbà tí pọ́fù-pọ́fù dé ọ́fíìsì, mo kí ẹni tó ń tà á, mo bi í léèrè ilé àti ọ̀nà, mo padà sí tábìlì mi. Ikùn tó ti ní nǹkan nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo. Mínírà ló le jù láti fi sílẹ̀, mo bá a jà gan-an. Ẹ̀bà alẹ́ ni mo gé sí ìdajì, mo sì máa ń jẹ ẹ́ kí Màmá tó kírun Ìṣáà. Bó bá rí i tí mo ń wo ìkòkò ọbẹ̀, á ní, "Mo rí ẹ o."

Mo tún ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ti mọ̀ mí á rọra máa tẹ̀ lé mi. "Màmá, ṣé ká gbé yín?" Màá ní, "Ẹ máa lọ, mò ń gbé ara mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọn fèrè. Orúnkún á máa ro mí, èmi náà á máa rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ò yí padà, mo sì bínú, mo fẹ́ gé ẹ̀kọ náà kù sí ìlàjì. Màmá gba ife tí mo fi ń bu ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi. "Dúsúmà," ó ní. Ohun tí wọ́n ń sọ lódìkejì bodè nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn rọra. "Dúsúmà, ìyàwó. Ọjọ́ kan kọ́ lo fi sanra."

Lẹ́yìn tí òjò dáwọ́ dúró ni mo yọ pín-ìn-nì kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì, síìpù sì gòkè wọ̀ọ̀. Nígbà tó yá, mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láì di irin rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì gbé mi lé òṣùwọ̀n, ó ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ ni. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnìkejì mi ṣì ń mu omi rẹ̀ títí di ọ̀sán, a sì ṣì ń jiyàn lé e lórí. Mi ò ní ó purọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mi ò jẹ ẹ̀kọ, ohun tí mò ń jẹ dípò rẹ̀ burú ju ẹ̀kọ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kọ ti wà nílẹ̀, ó ń rú èéfín. Màmá gbójú sókè láti dáhùn ìkíni mi bó ṣe ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ yìí. Mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi, mo sì kúnlẹ̀.

"Mo ti yọ̀ǹda ẹ o," ó ní.

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ káàárọ̀, Mà."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà le, ó sì gbóná nítorí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ó ṣàdúrà, àdúrà náà gùn, orúnkún mi ń ro mí, mi ò sì bìkítà. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó kó méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó ń wò mí.

"Mi ò ní fà ẹ o."

"Ẹ má fà mí, Mà."

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo fọwọ́ ti itan. "Dúsúmà," ó ní. Mo rọra gbéra, mo nàró láì di ohunkóhun mú. Màmá fi ẹsẹ̀ ti àpótí kejì sún mọ́ mi, ó bu ẹ̀kọ, ó na ṣíbí sí mi.

"Jókòó, kí o jẹun," ó ní. "Ebi ń pa mí."