Ìrìn Èmi àti Ìyá Mi Lọ́jọ́ Tí Olórin Ńlá Wọ̀lú

Nígbà tí a gbọ́ pé gbajúmọ̀ olórin kan ń bọ̀ wá kọrin ní pápá ìṣeré Ìjẹ̀bú-Òde, inú mi dùn bíi ti gbogbo ará ìlú. Àwọn ilé ìtura ti kún fọ́fọ́ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn tó ní àgbàlá ti ń fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri pé àyè ìgbọ́kọ̀sí wà. N kò mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni ilé ìwòsàn máa ní kí ìyá mi máa lọ sílé.

Àná rẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀, tó ti ń ṣú láti ọdún mélòó kan, wọ́n sì fi ìbòjú bò ó. Tòsì ti fọ́ tipẹ́. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ kọlu ojú náà rárá.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán la dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ayépé, níbi tí à ń gbé. A ò bá ẹyọ kan. Gbogbo wọn ti yà sọ́nà pápá ìṣeré, níbi tí owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀kadà kan dúró, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún sórí ọ̀kadà. Ni mo bá ní ká rọra máa rìn, bóyá a ó rí ọkọ̀ níwájú. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí ẹnì kan pariwo pé ọkọ̀ olórin náà ló ń bọ̀ yẹn. Àfi gìrìgìrì. Èrò ya lù wá. Wọ́n gbá mi ṣubú, nígbà tí mo sì máa dìde, ọwọ́ ìyá mi kò sí nínú tèmi mọ́.

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí jù pé màá ti rí i. Mo ń pe “Màmá,” àwọn obìnrin mìíràn ló ń bojú wẹ̀yìn. Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n mo lanu, mo pe oríkì rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bàbá mi tó ti kú nìkan ló máa ń fi pè é. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dáhùn láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù kan. Obìnrin tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò níbẹ̀ ló fà á wọlé tó sì tilẹ̀kùn, tó fi àwọn oníbàárà sílẹ̀ níta lọ́jọ́ tí ọjà ń tà wàràwàrà. Ó ní òun rí ìbòjú yẹn, òun ò sì lè máa wò ó níran.

Ìyá mi jókòó sórí kéréètì.

“Ta ló pè mí bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú.”

“Mo rò pé bàbá rẹ ló wá mú mi lọ.”

Ìbòjú náà ti yẹ̀, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. N kò sọ fún un. Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ó ní ká má tú u, ká padà wá láàárọ̀. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ tí ojú ọ̀nà dá, ọkọ̀ kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Odogbolu gbé wa délé, awakọ̀ náà sì wà á jẹ́jẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀, bí dókítà ṣe ń ṣí ojú náà, mo di ògiri mú. Ìyá mi ṣẹ́jú. Ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

“Ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?”