Tíṣà Silíkà àti Ìkòkò Sítáàṣì

Ọjọ́ tí Tíṣà Silíkà fi sítáàṣì wẹ olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ láti orí dé bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ròyìn tí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé náà. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ìkòkò méjì ni ọkọ rẹ̀ ní kí ọmọ kíláàsì kan bá òun gbé kaná níwájú kíláàsì. Omi lásán wà nínú ọ̀kan, sítáàṣì tó ki gan-an wà nínú èkejì.

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká ní àpáta tó yọ́ lábẹ́ òkè oníná nìyí. Silíkà, ohun tó pọ̀ nínú iyanrìn, ló ń mú un ki. Tí silíkà bá kéré, á ṣàn bí omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rọra jáde. Tó bá wá pọ̀...”

Olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú sítáàṣì. “Èyí ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, Tíṣà.”

“Ẹ sún sẹ́yìn, sà. Kò tíì ráàyè mí ni.”

Gbòà! Afẹ́fẹ́ tó há sínú sítáàṣì bẹ́ jáde. Olùbẹ̀wò funfun báláú.

Wọ́n fẹ́ lé Tíṣà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ó ní, “Mo ṣáà ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Òkè oníná gan-an kì í kìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀.”

Olùbẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó ní látọjọ́ tóun ti ń bẹ kíláàsì wò, ẹ̀kọ́ kankan ò tíì lẹ̀ mọ́ òun báyẹn.

Nílé náà, silíkà ló fi ń díwọ̀n àna àti ará. “Ìwọ, silíkà rẹ kéré,” ló máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀. “O bínú, o ṣàn kárí ilé, ó tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn ni mò ń sá fún.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“Èmi? Òkè tó ti kú ni mí.”

“Òkè tó ti kú wo ló ń hanrun báyẹn?”

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ wá kí aránṣọ. Ọ̀kan tó ti di nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, Tíṣà ò bẹ̀rù iná rárá.”

Ẹ̀rín gbé Màmá jókòó. “Ta ni? Ọkọ mi ò lè ṣáná sí sítóòfù! Ọgbọ̀n ọdún, èmi ni mò ń ṣe é. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á fi ọwọ́ di etí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣáná sí sítóòfù, ó gbé omi tíì kaná. Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

“Ó ti tàn o. Ẹ máa wọlé bọ̀.”

Ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí omi náà fi hó.