Àgbéyẹ̀wò Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Parí

Bí mo bá ń ka ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn láti mọ ohun tó ń jẹ, ẹni tó ń bá jà, àti ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀ nígbà tó jókòó tó ń kọ ọgbọ́n. Àgbéyẹ̀wò ìwé náà ń dùn mọ́ mi, bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo ti rà lọ́jà Agbójú nítorí àgbéyẹ̀wò kan ṣoṣo kúrò ní kékeré.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ òǹkọ̀wé kan tó ti gbé òpópónà wa ní Festac rí kọ ìtàn bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó ní kí n wá ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ níbi ìkójáde ìwé, inú mi dùn. Mo kà á tán, inú bí mi. Ìyàwó àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀! Obìnrin tí mo ń gbọ́ ìró taipuráítà rẹ̀ láti ojú fèrèsé wa ní kékeré, tó tẹ gbogbo ìwé ọkùnrin yìí kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọ tó kọ ìtàn yìí, tó jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì, wá kọ ọ́ pé bàbá òun ló ń tẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀. Irọ́ gbuu!

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pe olùyẹ̀wò sí níbi ìkójáde ìwé: kó yin ìwé, kó yin ẹbí, kó jókòó kí àwọn olówó lè dìde wá dáwó. Èmi ò yin ẹnikẹ́ni. Mo rí ìyàwó àkọ́kọ́ náà láàárín àwọn ìyá ìjọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mo nawọ́ sí wọn.

"Màmá tó tẹ gbogbo ìwé yẹn ni wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn! Ta ló pa orúkọ wọn rẹ́?"

Alága ètò já máìkì gbà lọ́wọ́ mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, taimu ti lọ. A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa."

"Alààyè tí ẹ sin mọ́ ọn ńkọ́?" Mo fi ìbínú jáde.

Màmá náà bá mi lẹ́nu géètì. Mo ti tẹrí ba, mo ń retí kí wọ́n fi àdúrà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ta ló rán ọ?"

"Màmá, wọ́n yọ yín kúrò nínú ìwé..."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ mí. Ọmọ yẹn wá bá mi nílé ní ẹ́sítéètì Raji Rasaki, mo bẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà tí mo kúrò nílé bàbá rẹ̀, eyín mi méjì tó gbá yọ ló kù síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́ ọn nínú ìjọ yìí. Òní lo tún wá sọ mí di ìyàwó rẹ̀."