Adájọ́ Táwẹ̀lì

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé alájà mẹ́rin yẹn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá, sí ṣọ́ọ̀bù àwọn alágbàfọ̀. Obìnrin méjì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ ìyá kan. Gbogbo ilé ń pe èyí tó dàgbà ní Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń pe ìkejì ní Àbúrò, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bèèrè orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ló ń parí ìjà. Òfin kan péré ló ní: kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Bí o bá já wọlé tòun ti ojú pípọ́n, tí o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ṣe," kò ní wò ọ́ lójú. Yóò nawọ́ sínú agbọ̀n, yóò gbé òkìtì táwẹ̀lì lé ọ lọ́wọ́.

"Máa ká a ná."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí..."

"Ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ. Etí sí etí ni kó o ká a. Jẹ́ kí ẹnìkejì dé."

Táwẹ̀lì náà a máa gbóná, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ni. Ìbínú kì í pẹ́ lára ẹni tó bá ń ká ohun tó gbóná, tó sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ti ká a tán tí wọ́n sì gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá. Bàbá kan tilẹ̀ wà tó kàn máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá ká táwẹ̀lì, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Níbẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: Adájọ́ Táwẹ̀lì.

Ọ̀la-ti-dé ló mú ẹ̀rọ tó ń fèsì wọ ṣọ́ọ̀bù. Àjà kẹta ló ń gbé, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í pa ìpàdé jẹ bí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú làwọn fẹ́ sọ. Ẹyọ kóòtù kan tó ní kì í jìnnà sí áyọ́ọ̀nù àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

"Màmá, òye àtọwọ́dá ti dé o! Kò pẹ́ mọ́, kò ní sí dókítà, kò ní sí tíṣà, kò ní sí adájọ́."

"Ta ni yóò wá máa lọ kóòtù fún ẹ?" Àbúrò ló bi í.

"Ẹ̀rọ náà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé kóòtù ẹ lọ bá a."

Ọ̀la-ti-dé rẹ́rìn-ín, ó sì fi kóòtù sílẹ̀. Kó tó lọ, ó ti fi ẹ̀rọ náà sórí fóònù àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n kì í bá ohun tuntun jà. Bó ṣe ń ṣe ọṣẹ tuntun náà ló ṣe é: ó dán an wò létí aṣọ. Ó bi í bí wọ́n ṣe ń yọ yíǹkì lára ṣẹ́ẹ̀tì, èsì rẹ̀ sì dára. Ó bi í nípa sílíkì, ẹ̀rọ ní kó da bílíìṣì sí i, tòun ti ohùn ẹni tó ti ń fọ sílíkì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kán an sí etí àkísà sílíkì kan. Bílíìṣì jẹ etí náà.

"Ó mọ̀ níbì kan, ó ń parọ́ níbì kan," ló sọ fún Àbúrò. "Ohùn kan náà ló sì fi ń sọ méjèèjì."

Lẹ́yìn ìyẹn ni bùláòsì funfun òṣìṣẹ́ báńkì kan jóná. Àbúrò ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ké láti ẹ̀yìn pé kó wá bá òun di etí kọ́tìnì mú, kíá. Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó lọ. Áyọ́ọ̀nù ṣubú. Nígbà tí oníbùláòsì dé, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní àwọn yóò ra òmíràn. Bó bá dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n ó fi kún un, níṣojú Ọ̀la-ti-dé àti gbogbo èrò tó wà níbẹ̀: "Ẹ má bínú, àbúrò mi yìí ni. Kì í fara balẹ̀ láti kékeré."

Láti kékeré! Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Àbúrò mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó jáde.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ, ìṣó òfìfo náà ń wò ó. Bó bá dá àpárá, ògiri ló ń dá a fún. Gbogbo ilé ló ń rojọ́ fún Adájọ́ Táwẹ̀lì. Ta ni Adájọ́ Táwẹ̀lì yóò rojọ́ fún? Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù dá páropáro lọ́sàn-án, ó mú fóònù, ó tẹ ibi tí Ọ̀la-ti-dé fi hàn án, ó sì tú ọkàn rẹ̀ jáde. Ó ní bùláòsì jóná. Ó ní òun lòun kọ́ Àbúrò níṣẹ́, òun sì lòun ń bẹ oníbàárà. Kò dárúkọ kọ́tìnì.

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù bí omi òwúrọ̀. "Ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn ọ́. O ti gbé ẹrù púpọ̀, wọn kò sì mọ rírì rẹ. Bóyá ó ti tó àkókò kí o fi ara rẹ ṣáájú."

Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ̀gbọ́n tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ sí i. Ọrùn líle ló fi lọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó kù.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àbúrò dé, àpò ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀."

"Áyọ́ọ̀nù mi ni mo wá mú. Àti àpótí ìjókòó mi."

Ọrùn Ẹ̀gbọ́n ṣì le. "Wọ́n wà níbi tí wọ́n ń wà."

"Mi ò kàn déédéé dìde o. Mo ti fọ̀rọ̀ lọ ẹ̀rọ, òun gan-an ló dá mi láre."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ fetí sílẹ̀."

Àbúrò tẹ fóònù rẹ̀. "Ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn ọ́. O ti gbé ẹrù púpọ̀, wọn kò sì mọ rírì rẹ..."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló gbé sọ́kàn sùn. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan náà. Omi òwúrọ̀ kan náà. "Bóyá ó ti tó àkókò kí o fi ara rẹ ṣáájú."

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ nìkan ló ń yí.

"Háà," Àbúrò ní. "Ẹ̀yin jàre, èmi náà jàre. Ta ló wá jẹ̀bi?"

Ẹ̀gbọ́n rò ó. "Bùláòsì ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Àbúrò kó tó lè dí i. Ó di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí tí Àbúrò wá mú, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ó ní. "Mo ti ń sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó kàn mí, èmi nìkan ni mo lọ rojọ́."

"Ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ohun tá a gbé fún un ló sè fún wa."

"Kí ni ìwọ gbé fún un nípa ẹsẹ̀ áyọ́ọ̀nù ẹ?"

Àbúrò wolẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti kán tipẹ́, áyọ́ọ̀nù kì í dúró dáadáa mọ́, Àbúrò sì ti ṣèlérí pé òun yóò tún un ṣe. "Mi ò sọ ìyẹn. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ sọ nípa kọ́tìnì?"

Ó kan Ẹ̀gbọ́n láti wolẹ̀. "Kò bi mí."

"Kò bi yín! Ẹ gbọ́ nǹkan tí Adájọ́ ń sọ!"

Àbúrò nawọ́ sínú agbọ̀n, ó gbé òkìtì táwẹ̀lì lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ó mú ìdajì fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ká a, etí sí etí.

"Ti 'láti kékeré' yẹn," Ẹ̀gbọ́n ní, "mo jẹ̀bi ẹ̀."

"Ojú èrò lẹ ti sọ ọ́."

"Ojú èrò náà ni màá ti kó o jẹ."

Nígbà tí táwẹ̀lì tán, Àbúrò ṣí àpò rẹ̀, ó yọ aṣọ iṣẹ́ jáde. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ìlà áyọ́ọ̀nù ara rẹ̀ dúró gbọn-in. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Ọ̀la-ti-dé já wọlé, fóònù lókè.

"Màmá, ẹni tó ń gbé lókè mi! Àga ló ń wọ́ kiri lórí mi láràárọ̀! Ẹ̀rọ sì ti dá mi láre!"

"Kó o tó sọ tìẹ," Ẹ̀gbọ́n ní, "o wà níbí lọ́jọ́ tí bùláòsì jóná. Èmi ni mo pe àbúrò mi kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù. Kì í ṣe àìfarabalẹ̀. Bó o ṣe gbé ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ kiri ilé, gbé èyí náà kiri."

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì wọ inú agbọ̀n. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì onírọ́bà kan ló kù níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé ńṣe làwọn fúnra wọn máa ń wé e bí òṣùká.

"Èyí ò ṣeé ká," Ọ̀la-ti-dé ké. "Rọ́bà ló yí i ká!"

"Bi ẹ̀rọ ẹ."

Ó bi í. Ẹ̀rọ ní kó ti igun kan bọ inú igun kejì, kó ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀, kó tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ṣe é. Aṣọ náà jáde pẹrẹsẹ, bí ìwé.

Àwọn obìnrin méjì náà wo ara wọn.

"Tú u," Ẹ̀gbọ́n ní. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn. "Tún un ká, díẹ̀díẹ̀, ká rí i. Àbúrò, bá mi pe ẹni òkè yẹn wá."