Ikùn Gìtá Hámzàt

Rufus Abọ́dẹrìn kì í purọ́ lórí gìtá. Lórí ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí lórí ìdí tí kò fi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè bù ú mọ́ ọn díẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí gìtá bá ti dé orí tábìlì rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ìkàrẹ́, òótọ́ nìkan ni yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì ní fi oyin sí i. Pásítọ̀ kan gbé gìtá kan wá fún un, ó ní ọmọ ìjọ òun ló rà á bọ̀ láti òkè òkun. Rufus yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ bá mi kí ọmọ ìjọ yín. Òkè òkun tó lọ yẹn, mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀." Pásítọ̀ kò tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìyàwó rẹ̀, kò sì sí bí kò ṣe bẹ̀ ẹ́ tó nítorí ẹnu yẹn. Kò gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí Limota Badmus ránṣẹ́ pè é láti Ìwàrò Ọ̀kà pé kó wá bá òun yẹ gìtá kan wò.

Opó ni Limota. Hámzàt ọkọ rẹ̀ ló máa ń lu gìtá béèsì fún ẹgbẹ́ olórin kan nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Ó ta ìpín tirẹ̀ nínú oko kòkó bàbá wọn, ó fi ra gìtá náà, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé títí ó fi kú pé láti orí dé ìdí, orígínà ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é. Suleiman àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, kò pè é ní nǹkan mìíràn ju pákó lọ. Nípàdé ẹbí, pákó. Nídìí ẹran Iléyá, pákó. "Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀, ó fi ra pákó." Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun Limota wọra.

Wàyí o, fídáù ọdún kẹwàá Hámzàt ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Limota kò sì fẹ́ kí wọ́n tún fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbi àdúà. Ó ní kí àwọn pe ẹni tó mọ gìtá. Suleiman gbà kíákíá. Ó ní bí Rufus bá fi lè sọ pé orígínà ni, òun yóò dìde níwájú àwọn áfáà, òun yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ta pákó náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nílẹ̀.

Bí ọ̀kadà ṣe ń gbé èmi àti Rufus gun òkè Ọ̀kà, mo ní fún un pé, "Bàbá Mary, opó ni o. Ẹ bá mi rọra sọ ọ́."

Ó ní òun ti gbọ́. Mo mọ̀ pé kò gbọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, Suleiman ti jókòó, ó ká apá lé àyà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó kórìíra pákó tó báyìí ló kọ́kọ́ dé nítorí pákó. Limota tú gìtá náà kúrò nínú bùbá ọkọ rẹ̀ tó fi wé e, ó tẹ́ ẹ síwájú Rufus lórí ẹní.

Rufus fi ìka tọ ara gìtá náà níbi tí ọ̀dà ti bó. Ó ní, "Ẹ wo ibí yìí. Ibi tí àtàǹpàkò ọkọ yín máa ń sinmi sí nìyí. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà máa ń ha ọ̀dà kúrò kó lè dà bí ohun tó gbó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ha á níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń lù ú kì í dé." Ó mú súkúdíráfà, ó tú irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó yọ ọrùn rẹ̀. "Ọrùn, orígínà. Irin tó ń gbé ohùn okùn, orígínà. Wọn ò rẹ́ ọkọ yín jẹ rárá, Ìyá."

"Alihamudulilai," ni Limota wí. Ó bojú wo Suleiman.

Rufus wá gbé ikùn gìtá náà sójú iná, ó wo ihò tí ọrùn ń jókòó sí, ó wò ó pẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ó ní, "Ikùn yìí kì í ṣe ti òyìnbó. Igi ọmọ̀ ni. Níhìn-ín ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ."

"Bàbá Mary, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò," ni Limota wí.

"Bí mo bá tún un wò, Ìyá, igi ọmọ̀ náà ni."

Ojú Limota rẹ̀wẹ̀sì. Ojú gbà mí tì bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Rufus kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ: "Àmọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Ẹ wo bí ọrùn ṣe wọnú ikùn, abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń tún gìtá ṣe, n ò rí irú ẹ̀ rí. Ta ni káfíńtà yìí?"

Suleiman tú apá rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Rufus tún un sọ. Kì í sú u láti tún òótọ́ sọ.

"Èmi ni," ni Suleiman wí. "Ọdún tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ olórin wọn já ìjánu lórí òkè yìí. Kò pa ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ikùn gìtá fọ́ yángá. Mo gé igi ọmọ̀ ẹ̀yìnkùlé bàbá wa, mo gbẹ́ òmíràn fún un. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bí wọ́n bá mọ̀ pé Ọ̀kà ni wọ́n ti ṣe é, wọn ò ní pe òun sóde eré mọ́. Mo fi Kùránì búra fún un. Ló bá ń jókòó níwájú mi, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé láti orí dé ìdí, ìlú òyìnbó ni. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi! Mo ń pè é ní pákó kí inú lè bí i, kó sọ òótọ́. Inú ò bí i rí."

Limota ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ọkọ mi, ẹ ò bá ti sọ fún èmi."

"Mo ti búra, ìyàwó wa. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ rí i fúnra rẹ̀."

Rufus ti to gìtá náà pọ̀ padà, ó ń lù ú jẹ́ẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ń dún nínú ẹní tí a jókòó lé. Inú mi dùn gan-an. Limota bi í pé tí àwọn bá fẹ́ tà á, ṣé ó lè mówó wọlé.

"Wọ́n á fẹ́ ẹ l'Ékòó," ni Rufus wí. "Ṣùgbọ́n nítorí ikùn rẹ̀, wọ́n á já owó rẹ̀ sí méjì."

Suleiman dìde. "Nítorí kí ni?"

"Ikùn yẹn."

"Ikùn tí ẹ ní ẹ ò rí irú ẹ̀ rí?" Ó gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bùbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wé e.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á," ni Limota wí. "Ṣebí pákó ni."

"Ta ló ń pè é ní pákó?" ni Suleiman dáhùn.