Òróró lójú kámẹ́rà

Màmá mi fi àdúrà ba fídíò jẹ́ lónìí, wọn ò sì tíì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Dàpọ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje. Wọ́n ní kó fi fídíò ránṣẹ́ kí aago mẹ́fà tó lù, kí ọ̀nà hàn, kí iye eré tó ń sá náà hàn lórí ẹ̀.

Èmi ni mo so kámẹ́rà mọ́ inú ọkọ̀ nílé wa ní àdúgbò Ogui. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa.

Lẹ́yìn náà ni màmá gbé òróró àdúrà dé. Wọ́n fi kan táyà, wọ́n fi kan sítíárìn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fi kan ojú kámẹ́rà.

Nígbà tí Dàpọ̀ sáré tán ní pápá ìdíje, a ṣí fídíò. Nọ́ńbà eré tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ń kọ sórí fídíò mọ́ kedere, 140, 162. Ọ̀nà ò hàn rárá.

"Àmín, àbí?" ni Dàpọ̀ wí.

Wọ́n ti ti pápá, a ò lè tún un yà mọ́. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá pè mí lórí fóònù.

"Ṣé ó jáde dáadáa?"

"Ó jáde, Mà. Ẹ ṣeun fún àdúrà," ni mo fèsì.

Mi ò bínú, mi ò sunkún. Mo kàn ń nu ojú kámẹ́rà ṣáá.

Tó bá jẹ́ màmá yín, ṣé ẹ máa sọ fún wọn?