Ẹ Wá Jẹun, Mo Ń Sáré

Ara mi kì í gba ìjókòó. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa mì. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Eré sísá nìkan ló ń pẹ̀tù sí i. Nítorí náà, ní Sátidé tí n kò bá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkàrẹ́, ojú títì ni ẹ ó ti rí mi. Màá gba Àkùngbá kọjá, màá gun òkè Ọ̀kà, màá yí padà sí Ìkàrẹ́, màá sì tún gbéra. Eré orí òkè, èyí tí wọ́n ń fi odindi ọjọ́ sá, ni mò ń múra sílẹ̀ fún.

Ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mi. Ẹnu ni. Kóòṣì tó ń kọ́ wa ní eré sísá kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Má dúró de ebi. Kí ebi tó dé ni kí o ti máa jẹ díẹ̀díẹ̀, bí o ṣe ń sáré lọ." Ẹ gbọ́ o! Kí n máa jẹun lójú ọ̀nà? Èmi tí màámi gbá lẹ́nu nítorí gúgúrú kan ṣoṣo tí mo sọ sẹ́nu bí a ṣe ń ti ọjà bọ̀! "Ewúrẹ́ ló ń jẹun rìn," ni wọ́n máa ń wí. "Ọmọ ènìyàn a máa jókòó."

Nígbà àkọ́kọ́, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Mo gún iyán ní ìdájí, mo jẹ ẹ́ yó bí ẹni tó ń lọ kọ ebè, mo ní yóò gbé mi dé ìrọ̀lẹ́. Ha! Kí n tó dé Àkùngbá, iyán ti di òkúta nínú mi. Ní àárín òkè Ọ̀kà, gbogbo rẹ̀ gba ẹnu jáde, ẹsẹ̀ kọ̀, mo sì ṣubú. Ọlọ́kadà ló gbé mi lọ sílé màámi lókè ibẹ̀.

Nígbà kejì, mo rọ àádùn sínú ọ̀rá, àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, tí a fi epo àti iyọ̀ pò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì bí olè, mo bù ú sẹ́nu. Àfi bí bàbá arúgbó kan ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà! Ẹnu mi kò dúró gba àṣẹ. Mo kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, mo ní, "Ẹ wá jẹun o, bàbá." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "á gba ibi ire" ni wọ́n fi ń dáhùn, tí kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá yìí ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó gba ọ̀rá, ó jókòó lórí òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ta ni yóò já a gbà lọ́wọ́ àgbà? Mo dúró, mò ń gbẹ́sẹ̀ sókè gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó dá ọ̀rá padà, afẹ́fẹ́ ló kù nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ṣubú sí lákọ̀ọ́kọ́ náà ni mo tún ṣubú sí. Màámi bínú gidigidi. "Ṣé kí n wá gbé òkú rẹ lójú títì ni? Bí o bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, o ò ní sáré mọ́ láyé. Ṣèlérí!" Mo ṣèlérí, mo sì jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Nígbà tí màámi wá kí mi ní Ìkàrẹ́, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́ tó ti mọ́, tí mo ń jágbe mọ́ gbogbo ilé. Wọ́n wò mí títí. "Lọ sáré jàre, kí ilé lè rójú. Ṣùgbọ́n ìlérí wa ṣì wà o."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé iṣu sísun wẹ́wẹ́ àti omi tí mo fi iyọ̀ àti ṣúgà sí. Bí mo ṣe gun òkè lẹ́ẹ̀kíní, mo rí ibi tó dá, mo jẹ. Nígbà tí mo padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ọjà ń tú, àwọn tó mọ màámi kún ojú ọ̀nà. Ojú tì mí, mo pa ẹnu dé. Kí n tó dé ìdí òkè, òòyì ti ń kọ́ mi, ẹsẹ̀ tún fẹ́ kọ̀. Mo mọ̀ pé ìṣubú ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yìí, mo bá bú sẹ́kún.

Àṣé màámi, tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀, ti dúró síbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọ̀rá iṣu.

"Kí ló dé tí o ò jẹ ẹ́?"

"Màámi, ojú ọ̀nà ni."

Wọ́n pòṣé. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́!" Wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, wọ́n sọ iṣu kan sẹ́nu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè níwájú mi, wọ́n ń jẹun lójú gbogbo ayé. Ẹnu yà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wò wá, wọ́n á ké sí i pé, "Ẹ wá bá wa jẹun o!"

"Á gba ibi ire!" ni àwọn ènìyàn ń dáhùn lọ́tùn-ún lósì.

Mo bá jẹ. Omijé ń bọ́ sórí iṣu, mo ṣá ń jẹ ẹ́, títí ojú mi fi là, tí ẹsẹ̀ mi sì gbà.

Nígbà tí a dé òkè, màámi dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo yí padà sí ọ̀nà Ìkàrẹ́, mo bẹ́ sí eré. Ohùn wọn lé mi bá:

"Bí o bá délé, kí o jókòó jẹun bí ọmọ ènìyàn o!"